Ọ̀rọ̀ Ló Ní Akọ àti Abo, Kì í Ṣe Tábìlì

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà: kí ni tábìlì ṣe tó fi jẹ́ abo, tí ìwé sì jẹ́ akọ? Ìdáhùn àwọn olùkọ́ kan ni pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ṣe ń wo ayé. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà, ó sì ń sọ ẹ̀kọ́ tó ṣe é kọ́ di àdììtú.

Gírámà Yorùbá kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Bí a bá ní "Ó dé", ó lè jẹ́ bàbá, ìyá, ewúrẹ́ tàbí ọkọ̀. Lóòótọ́, a ní akọ òkúta, a sì ní omele akọ àti omele abo nínú ìlù bàtá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń wá ìyàwó fún òkúta, bẹ́ẹ̀ ni "kékeré" kì í yí padà, yálà omele akọ ló tẹ̀ lé tàbí omele abo. Nínú èdè Faransé, ó ń yí padà: "le petit livre" ni ìwé kékeré, "la petite table" sì ni tábìlì kékeré. Ẹni tó bá fi akọ pe abo yóò ṣi àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká pẹ̀lú.

Ohun tó yẹ kó yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ló ní akọ tàbí abo, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. "La sentinelle" ni ẹ̀ṣọ́; abo ni ọ̀rọ̀ náà, ìbáà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. "Le livre" ni ìwé, "la livre" sì ni owó pọ́n-ùn. Ìtàn ló bí èyí. Inú èdè Látìn ni Faransé ti jáde, ìsọ̀rí mẹ́ta ni Látìn sì ní: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Nígbà tí ẹ̀kẹta pa rẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di akọ, àwọn mìíràn di abo, bíi "la mer", òkun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Académie française, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1635 láti mójú tó èdè náà, ní "la covid" ló yẹ kí wọ́n máa wí. Wọn kò wo àrùn náà bóyá obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ "maladie", àìsàn, tó jẹ́ abo ni wọ́n wò.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìparí ọ̀rọ̀ Faransé ni ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì bí Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́ ti mọ̀ pé obìnrin ni, "kẹ́" ló sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni "-tion" àti "-ette" sábà ń fi abo hàn: "la nation", "la fourchette". "-ment" àti "-age" sábà ń fi akọ hàn: "le gouvernement", "le village". Àwọn tó yapa kò ṣàì sí. Àbẹ̀ní àti Àdùnní kò ní "kẹ́", obìnrin sì ni wọ́n. "La page" àti "la plage" náà kò bá "le village" rìn.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá kọ "table" lásán sí ojú pátákó ti fún ọmọ ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀. "La table" ni kó kọ. Níbi tí "l'" bá ti bo akọ tàbí abo mọ́lẹ̀, bíi "l'école", kó kọ "une école". Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà há a sórí bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń há orúkọ pẹ̀lú oríkì.

Èdè yìí kò jìnnà sí wa. Òun ni èdè ìjọba ní Benin àti Tógò, òun sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu fi ń kàwé. Kò yẹ kí ìdáhùn tí kò tọ̀nà nípa tábìlì di odi láàárín àwọn ọmọ ìyá.