Ọ̀fẹ́ Kọ́: Káàdì Ìlera Àwọn Àgbà ní Accra

Láti Tudu dé Nima, gbólóhùn kan náà lẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwa Yorùbá tó ń gbé Accra bí ọ̀rọ̀ àìlera òbí bá délẹ̀: "Bàbá ti dàgbà, ọ̀fẹ́ ni ọsibítù fún un." Ọmọ tí kò fẹ́ tọwọ́ bàpò ń sọ ọ́, àgbà tí kò fẹ́ da ọmọ láàmú náà ń sọ ọ́. Ààbọ̀ òótọ́ ni. Ààbọ̀ òótọ́ sì burú ju irọ́ lọ, nítorí ẹni tó gbà á gbọ́ kì í múra sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀. Òfin ètò adójútófò ìlera Ghana, ìyẹn Act 852 ti ọdún 2012, yọ ẹni tó ti pé 70 ọdún kúrò nínú sísan owó ọdọọdún. Mo ní 70 o, n kò ní 60. 60 ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Lóòótọ́, ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ SSNIT, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, bọ́ lọ́wọ́ owó náà kó tó pé 70. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń ta aṣọ ní Makola láti ìgbà ọmọge, tí kò dá pésẹ́wà kan sí SSNIT rí ńkọ́? Láti 60 títí di 69, òun ni yóò máa san tirẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko, ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń yọjú. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù láàárín wa.

Bó bá wá pé 70 náà, owó ọdọọdún nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Ọdọọdún ni káàdì ètò náà ń kú, ọdọọdún la sì gbọ́dọ̀ jí i, pẹ̀lú owó ìṣètò díẹ̀ lórí rẹ̀. Láti òpin 2018 ni a ti lè tẹ *929# lórí fóònù, tí ìyá àgbà kò fi ní tò lóòrùn mọ́. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọmọ tó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí káàdì ìyá rẹ̀ sì ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba aláìsàn wọlé, ewú orí kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ó ku èyí tó dùn mí jù. Àjọ NHIA, tó ń darí ètò adójútófò yìí, máa ń sọ pé ètò náà gba 95 nínú 100 àrùn tó ń ṣe ará Ghana. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àrùn ni wọ́n kà, kì í ṣe owó. Márùn-ún tó ṣẹ́ kù sì fẹ́ràn arúgbó. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń mú awọ funfun kúrò lójú àgbà wà nínú ètò (ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọ́n jókòó sílé títí ojú fi fọ́). Gíláàsì tí yóò lò lẹ́yìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò sí. Eyín àtọwọ́dá kò sí. Iṣẹ́ abẹ ọkàn tàbí ti ọpọlọ kò sí, àfi èyí tí ìjàǹbá bá fà. Mọ́ṣúárì pàápàá kò sí, ẹ sì mọ bí òkú ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ tó ní Ghana kí wọ́n tó sin ín.

Kíndìnrín wá ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, owó tí ọsibítù Korle Bu ń gbà láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fò láti sídì 380 sí 765.42. Ariwo ta, wọ́n dá a padà. Àmọ́ ẹ ṣírò 380 náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ó ju sídì 3,000 lọ lóṣù. Ọdún 2024 ni NHIA ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn aláìsàn kíndìnrín lọ́wọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀, tí wọ́n fi àwọn tó ti ju 60 ọdún síwájú. Nígbà tó di 2025, ìjọba dá àpò mìíràn sílẹ̀ fún àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Mahama Cares. Bí káàdì bá gbé gbogbo rẹ̀, kí ni wọ́n ń dá àpò mìíràn sílẹ̀ fún?

Ẹnìkan á ní, "Ṣé kò wúlò nìyẹn?" Rárá o. Ẹ bi àwọn tó gbé ìlú yìí kí ètò náà tó dé ní 2003, nígbà "cash and carry": owó ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn. Káàdì wúlò gan-an. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni kò dáa.

Ta ló ń san án? Àwa ni. Owó NHIL, ìyẹn owó orí ọjà tí wọ́n ń gbà fún ètò náà, sídì 2.50 lórí ọjà sídì 100, ti ń jáde lápò wa láti 2004, lórí oríṣiríṣi ohun tí à ń rà. Bákan náà ni wọ́n ń yọ nínú owó SSNIT àwọn òṣìṣẹ́. Àgbà tó ti ń ra nǹkan ní Accra láti ogún ọdún sẹ́yìn ti san owó káàdì rẹ̀ pẹ́. Àmọ́ nítorí pé a ti kọ́ ọ pé ọ̀fẹ́ ni, bí wọ́n bá ní kó sanwó oògùn tí ètò yẹ kó san, yóò tú kókó etí aṣọ, yóò san án, yóò tún dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n ń ta lọ́rẹ kì í bèèrè ìwé owó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba káàdì bàbá àti ìyá yín wò lónìí, kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú. Bó bá ti kú, ẹ tẹ *929#. Bí ìyá kò bá tíì pé 70, tí kò sì gba owó ìfẹ̀yìntì, ẹ san tirẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó oògùn ní ọsibítù, ẹ bi wọ́n bóyá oògùn náà wà nínú ìwé oògùn NHIS, ìyẹn ètò adójútófò yìí, kí ẹ má sì tọwọ́ bàpò títí wọn ó fi dá yín lóhùn.