Ohun Tó So Àkúrẹ́ Mọ́ Ìbàdàn Lórí Pápá

Ìgbà 118 ni Yunifásítì Texas ti Austin àti Texas A&M ti College Station kojú ara wọn lórí pápá láti ọdún 1894 títí di 2011. Texas borí nígbà 76, A&M borí nígbà 37, wọ́n ta ọ̀mì nígbà 5. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni o, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan á ní kò sí ìdíje níbẹ̀, pé ẹnì kan ló kàn ń na ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ní Houston níbi tí mò ń gbé, ọmọ Yorùbá wà ní yunifásítì méjèèjì, nígbà míì ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Ẹ bi èyí tó wà ní A&M bóyá Texas ju tiwọn lọ. Kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán tí yóò fi dá yín lóhùn.

Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fi máa ń wo tilé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Sunshine Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ìlú wa, ni mo ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ní kí ọmọ Àkúrẹ́ dárúkọ ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ kó na òun láyé, kò ní pe Enyimba, kò ní pe Kano Pillars. Shooting Stars ti Ìbàdàn, 3SC, ni yóò pè. Ẹ jẹ́ ká sì sọ òótọ́: ohun tó wà nílé wọn kò sí nílé wa. Ìgbà 5 ni wọ́n ti gba líìgì Nàìjíríà. Àwọn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé, lọ́dún 1976, wọ́n sì tún gba CAF Cup lọ́dún 1992, ọdún tí wọ́n dá ìdíje náà sílẹ̀. Sunshine kò tíì gba líìgì rí.

Síbẹ̀, kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lọ́dún 2011, Sunshine dé ìpele tó ṣíwájú àṣekágbá nínú Confederation Cup kí Club Africain ti Tunis tó dá wọn dúró. Lọ́dún 2012, wọ́n dé irú ìpele kan náà nínú Champions League, ìdíje tó ga jù nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gbá ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo pàdánù ní Kairo. Ìjẹ̀bú-Òde ni a fi ṣe ilé nígbà náà. Ọmọ Àkúrẹ́ tó fẹ́ wo ẹgbẹ́ rẹ̀ níláti gba Oǹdó kọjá, kó gba Òrè kọjá, kó tó débẹ̀. Bí ará Ìbàdàn bá wá fi Kairo bú wa, èsì wà nílẹ̀: Zamalek, ará Kairo kan náà, ló na 3SC nínú àṣekágbá ọdún 1984 àti ti 1996. Oríkì wa ṣáà ní a máa ń fi idà sílẹ̀ ká fi ẹnu jagun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu nìkan. Ohun tó wà láàárín wa ti wà kí Sunshine tó wà. Kí ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 tó dé, Ìbàdàn ni olú-ìlú gbogbo wa. Kòkó tó ń ti Oǹdó, Ìdànrè àti Àkúrẹ́ jáde wà lára ohun tó ń pa owó sápò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, abẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba náà sì ni ẹgbẹ́ 3SC wà: WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kó tó di IICC. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pín wa sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìparí ọdún yẹn gan-an ni IICC gba ife Áfíríkà mọ́ Tonnerre ti Yaoundé lọ́wọ́. Nígbà tí Muda Lawal, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Best Ogedegbe gbé ife náà, àwọn bàbá wa ní Àkúrẹ́ náà jó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan kò yí padà títí tó fi lọ. Gbogbo ilé di ti Sunshine, rédíò tirẹ̀ ṣì wà lórí 3SC. Ó ní kòkó òun ló bọ́ ẹgbẹ́ yẹn, òun kò lè kọ̀ ọ́ nítorí pé wọ́n pín ilẹ̀. A ò rí èsì fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ Texas rí. A&M ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, lọ́dún 1876, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ ọdún náà sọ ọ́ di ẹ̀ka yunifásítì kan tí kò tíì sí nílẹ̀, tó jẹ́ pé 1883 ló tó bẹ̀rẹ̀ ní Austin. Wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n di ẹ̀ka àbúrò. Ta ni kò ní bínú? Ìbínú yẹn ló di bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ kí kékeré máa pe orúkọ ńlá kò tíì tó. Gbogbo ayé ló ń pe orúkọ ńlá. Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé ìdíje wà lóòótọ́ ni kí ńlá náà máa pe orúkọ kékeré. Orin ìṣírí A&M dárúkọ Texas, kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n orin ìṣírí Texas, àwọn tó borí nígbà 76, dárúkọ A&M náà. Ẹni tí o kà sí aláìjámọ́ nǹkan, o kì í fi í sínú orin ilé ìwé rẹ. Mo ti jókòó rí láàárín àwọn ará Ìbàdàn ní pápá Lékan Sàlámì, Adámásingbà, lọ́jọ́ tí Sunshine wá. Àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn mi kò lè fọkàn balẹ̀ títí fèrè ìparí fi dún, bẹ́ẹ̀ àwọn ni góòlù wà lọ́wọ́ wọn. Inú mi dùn sí ẹ̀rù yẹn ju ọ̀mì kankan lọ.

Oríṣi mìíràn wà tí èmi kò ní kà mọ́ ọn. Láti 1964 títí di 2006, ọdún 43 léraléra, ni Yunifásítì Notre Dame fi na ilé ìwé ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, Navy, kí Navy tó borí pẹ̀lú 46-44 lọ́dún 2007. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Navy gbé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Notre Dame, èyí ló sì jẹ́ kí ilé ìwé náà rówó gbéra. Notre Dame kò gbàgbé. Ó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún. Ìmoore ni, ó dára, ó ń wú mi lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí oorun rẹ̀ dá nítorí rẹ̀ ní Notre Dame.

Ìdíje tòótọ́ kì í sì í ṣe ìkórìíra. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ A&M máa ń to igi jọ gogoro tẹ́lẹ̀, wọn á dáná sun ún ṣáájú ìjà wọn pẹ̀lú Texas. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1999, igi náà wó lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò ó, ó pa ènìyàn 12. Lọ́jọ́ 26, Texas wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn. Àwọn onífèrè Texas fi orin ìdárò ṣe àárín eré, wọ́n ṣí fìlà fún òkú ẹni tí wọ́n wá nà. A&M ló borí lọ́jọ́ náà, 20-16.

Ohun tó lè pa irú nǹkan báyìí kì í ṣe ìyà, àìpàdé ni. A&M kó lọ sí líìgì mìíràn lọ́dún 2012, ó di 2024 kí wọ́n tó tún rí ara wọn. Láàárín ìgbà náà, lọ́dún 2013, aṣòfin kan ní Texas gbé àbá òfin wá pé kí wọ́n fi dandan gbá a. Òfin, nítorí bọ́ọ̀lù ọmọ ilé ìwé! Nígbà tí wọ́n padà pàdé, Texas tún borí, 17-7, pápá A&M sì kún bámúbámú.

Nílé ńkọ́? 3SC já kúrò ní líìgì àgbà lọ́dún 2017, 2021 ni wọ́n tó padà. Lọ́dún 2025, Sunshine náà já. Kò sí aṣòfin tó gbé àbá kankan wá, bẹ́ẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ méjèèjì. Èyí ń dùn mí. Ohun tí Texas ní tí a kò ní ni ọjọ́: ìparí oṣù Kọkànlá, àkókò Ìdúpẹ́ wọn, bàbá mọ̀ ọ́n, ọmọ mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà lókè òkun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Tiwa, bí líìgì bá ti yí i ló ń yí. Ṣùgbọ́n a ní ohun tí wọn kò ní. Àwọn ń jogún tiwọn láti ilé ìwé. Tiwa wá láti inú oko, inú ìgbéyàwó, inú ìpínlẹ̀ kan tí a jọ jẹ́. Ìyàwó Ìbàdàn pọ̀ nílé Àkúrẹ́.

Àbá mi kò le. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ni ọjọ́ ìbí Oǹdó àti Ọ̀yọ́ pa pọ̀. Kí Sunshine àti 3SC máa pàdé ní ọ̀sẹ̀ yẹn lọ́dọọdún, líìgì yòówù tí oníkálukú bá wà, ọdún kan ní Àkúrẹ́, ọdún kejì ní Adámásingbà. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé Aquinas àti Oyèmẹkùn ní Àkúrẹ́, àti ti Ondo Boys' High School, gbá tiwọn ṣáájú lórí pápá kan náà, kí wọ́n lè bá àgbà jókòó wo èyí tó kù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ti Ọ̀yọ́ tó wà ní Houston àti London lè sanwó bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé. Owó àríyá òpin ọdún kan ṣoṣo tó o. Bí Ìbàdàn bá sì borí lọ́dún mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n borí. Kí wọ́n ṣáà má kọ̀ láti wá.