Ẹ Ya Ọ̀rá Kan Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọ̀rọ̀ Lórí Iyanrìn àti Erùpẹ̀ Nọ́sìrì

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ owó ńlá ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyanrìn àti erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá nọ́sìrì ni.

Tí èèyàn bá lọ ra ọmọ kòkó tàbí ọmọ kajú, ewé ló máa ń wò. Ṣé ewé ẹ̀ dúdú dáadáa? Ṣé ó ga? Èló ni? Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń tẹ ọ̀rá yẹn lọ́wọ́, tí wọ́n á béèrè pé kí lẹ bù síbí. Lójú tiwa, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú iye owó. Gbòǹgbò là ń rà, kì í ṣe ewé.

Ẹ wo kòkó. Ó máa ń lo bí oṣù 4 sí 6 nínú ọ̀rá kó tó dé oko. Olórí gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́ lọ tààrà sísàlẹ̀. Tí erùpẹ̀ inú ọ̀rá bá le bíi búlọ́ọ̀kù, gbòǹgbò yẹn á tẹ̀, á máa lọ́ yípo. Ẹ gbìn ín nígbà òjò, ó dúró, inú yín dùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, gbòǹgbò kò rí ọ̀nà dé ibi tí omi wà, igi rọ. Ẹ̀ẹ̀rùn la wá ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀rá ni nǹkan ti bàjẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀? Àdàlù tó wọ́pọ̀ tó sì dáa ni páànù ilẹ̀dú 3, páànù ìgbẹ́ adìẹ 2, páànù iyanrìn odò 1. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti bu ilẹ̀dú, kó má jìn ju íǹṣì 6 lọ, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ilẹ̀ pọ̀ sí. Ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ ti jẹrà dáadáa. Ẹ kó o jọ, ẹ máa yí i, títí tí kò fi ní rùn mọ́, tí kò sì ní gbóná mọ́ tẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò ni.

Iyanrìn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí àwọn kan rò pé iyanrìn ni iyanrìn. Rárá o.

Èyí tí a fẹ́ ni iyanrìn odò tó rí hóró-hóró, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù sáǹdì. Àlàfo máa ń wà láàárín hóró rẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò ti ń mí. Iyanrìn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá pàdé erùpẹ̀ tó ní amọ̀, ṣe ni á dí gbogbo àlàfo yẹn. Erùpẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń dí ilẹ̀ ilé náà kún fún amọ̀, kì í ṣe ti nọ́sìrì. Iyanrìn òkun ńkọ́? Iyọ̀ wà nínú ẹ̀, iyọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi mu. Ìkarahun tó fọ́ sínú ẹ̀ náà lè sọ ewé di yẹ́lò. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí iyanrìn tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá. Tó bá ń hó, ìkarahun wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò míì tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ bu erùpẹ̀ yín dé ìdá mẹ́ta ike omi tó mọ́ gaara, ẹ rọ omi kún un, ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀. Iyanrìn á jókòó sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Amọ̀ lè má tíì jókòó tán lọ́jọ́ kejì. Bí ìpele amọ̀ bá nípọn, ẹ fi ilẹ̀dú àti ṣáápù sáǹdì kún un. Ẹ sì da omi sórí ọ̀rá tẹ́ ẹ ti kún. Tí omi bá dúró lórí ẹ̀ tí kò wọlẹ̀, ó ti le jù. Tó bá sì ń já bọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí omi asẹ́, iyanrìn ti pọ̀ jù.

A ò sọ pé àdàlù kan ló bá gbogbo nǹkan mu o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta òdòdó, ẹ̀ka tí ẹ gé fẹ́ yọ gbòǹgbò nínú ṣáápù sáǹdì nìkan, láìsí ìgbẹ́ kankan. Ewéko kan tilẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, Venus flytrap, tó máa ń pa ewé dé mọ́ kòkòrò, tó sì ń jẹ ẹ́. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ló ti ń hù, kòkòrò ló fi ń dí àìtó oúnjẹ ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá fi ìgbẹ́ adìẹ kẹ́ ẹ, pípa ló pa á. Kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń gbìn kí ẹ tó bu erùpẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn onínọ́sìrì máa sọ: típà ṣáápù sáǹdì ti wọ́n, oníbàárà sì ń dúnàádúrà bíi pé ata ló ń rà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ń bá àwọn tó ń rajà náà wí. Ẹni tó bá já owó ọmọ kòkó wálẹ̀ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan, òun náà ló ń sọ fún onínọ́sìrì pé kó lọ bu erùpẹ̀ pupa. Èrè tẹ́ ẹ jẹ lórí ọ̀rá kan kò tó owó àtúngbìn àti ọdún kan tó lọ lófo.

Àbá wa rèé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra 100, ẹ sọ pé ẹ máa san owó ọ̀kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì ya ọ̀rá rẹ̀ lójú olówó ẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú un, kì í ṣe onínọ́sìrì. Tí gbòǹgbò bá lọ tààrà, tí erùpẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ẹ sanwó, ẹ má dúnàádúrà jù. Tí gbòǹgbò bá ti lọ́ tàbí erùpẹ̀ bá le gbagidi, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀yin onínọ́sìrì tọ́jà yín dáa, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ ya ọ̀kan wò." Oníbàárà tó bá rí i bẹ́ẹ̀ máa padà wá, á sì mú ẹlòmíràn dání.

Oko wa kò ní jó o. Àṣẹ.