Ọwọ́ Tí Ó Mọ́, Tí A Kò Jẹ́ Kí Ó Kan Àwo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń gba ènìyàn nímọ̀ràn sùúrù. Wọn a ní, ẹ má ṣe pariwo, ẹ má ṣe béèrè ohunkóhun. Ẹ sá máa ṣe iṣẹ́ yín dáradára, nítorí ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Àwa kò bá òwe jà. Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí ọmọ bá wẹ ọwọ́ rẹ̀ ní gbangba, tí àwọn tí ó fojú rí i lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, tí àgbà sì gbé àwo sá wọ yàrá lọ ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni tó dá wa lóhùn, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1939.

Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì California tí ó wà ní Los Angeles, èyí tí a ń pè ní UCLA, ní adúláwọ̀ mẹ́rin: Kenny Washington, Woody Strode, Jackie Robinson àti Ray Bartlett. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà kò ní ẹyọ kan nígbà náà. (Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá, ó rí ṣóńṣó lórí ṣóńṣó ní ìdí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré tàbí tí wọ́n fi ń jù ú sí ara wọn.) Edwin Horrell ni olùkọ́ wọn, ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà sì nìyẹn.

Ìdíje mẹ́wàá ni wọ́n ṣe. Wọ́n borí nínú mẹ́fà, wọ́n ta ọ̀mì nínú mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò sì borí wọn. Ẹgbẹ́ TCU láti Texas, tí a ti dé ládé ní ọdún 1938, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́gun, 6 sí 2. Nínú ìṣẹ́jú 600 tí ó wà nínú ìdíje mẹ́wàá, Washington wà lórí pápá fún 580. Bọ́ọ̀lù tí ń ṣẹ́ ènìyàn léegun ni o! Bí a bá ro èyí tí ó sáré gbé pọ̀ mọ́ èyí tí ó jù, kò sí ọmọ yunifásítì kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ó mú bọ́ọ̀lù lọ síwájú tó o ní ọdún náà: yáàdì 1,370.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, wọ́n pàdé USC, aládùúgbò wọn, ní pápá ìṣeré Coliseum. Ẹni tí ó bá borí ni yóò lọ sí ìdíje Rose Bowl. Àwọn òǹwòran lé ní 100,000. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí àmì gbà nígbà tí UCLA gbé bọ́ọ̀lù dé ìwọ̀n yáàdì díẹ̀ sí ilé USC, tí ìgbìyànjú kan ṣoṣo sì kù fún wọn. Ṣé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó fún àmì mẹ́ta, tàbí kí wọ́n jù ú fún mẹ́fà? Ned Mathews, tí ń darí wọn lórí pápá, bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú àti funfun. Márùn-ún ní kí a gbá a, márùn-ún ní kí a jù ú. Mathews fi ìbò tirẹ̀ ti jíjù lẹ́yìn, ọmọ USC kan sì gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Òdo sí òdo. USC ni ó lọ sí Rose Bowl, ó sì borí Tennessee, 14 sí òdo. Àwa ìbá ti dìbò fún àmì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìbò ni ìbò.

Ẹ wá wo èrè Washington. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń to orúkọ àwọn ògbógi ọdún náà kò fi í sí ipò kìn-ín-ní. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ń gba owó fún bọ́ọ̀lù kò sì pè é. Kò sí òfin kan tí wọ́n kọ sílẹ̀; síbẹ̀, láti ọdún 1934 títí di 1945, adúláwọ̀ kan kò gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje NFL. Kì í ṣe pé wọn kò rí i. Wọ́n rí i, wọ́n mójú kúrò. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí a ń pè ní Hollywood Bears ni Washington àti Strode lọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún, níbẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ń lọ, tí orúnkún Washington sì ń bàjẹ́.

Kí ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn? Kì í ṣe sùúrù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ Rams ń kó kúrò ní Cleveland bọ̀ wá sí Los Angeles, wọ́n sì fẹ́ gba Coliseum fún ìlò. Halley Harding, adúláwọ̀ tí ń kọ ìwé ìròyìn, dìde níwájú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso pápá náà, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé owó orí dúdú àti funfun ni a fi kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ adúláwọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé Harding kò fi ojú rere bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìṣirò owó ni ó ṣí fún wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, Rams gba Washington síṣẹ́. Strode tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún. Robinson, ẹni tí ayé mọ̀ jù nínú wọn, wọ ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers nínú bọ́ọ̀lù onígi ní ọdún 1947.

Ọdún mẹ́ta péré ni Washington lò pẹ̀lú Rams. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ó gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan ní 1947, lórí orúnkún tí ọ̀bẹ dókítà ti kọjá lára rẹ̀, tí ó sì sáré yáàdì 92 láìsí ẹni tí ó bá a.