Gáàsì Inú: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Bá Ara Wa Ṣọ́ Ìsọ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fi ṣẹ̀rín ní ìsọ̀, àmọ́ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: gáàsì inú. Tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, inú á le bí ìlù, a ó máa gùnfẹ̀. Ẹnì kan á ní ulcer ni, ẹlòmíì á ní wọ́n ti fi nǹkan sóúnjẹ òun. Ká tó ṣẹ́jú, a ti pe ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn láàárín ọjà, a ti ra kóró méjì gbé mì. Àwa ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀nà méjì ni gáàsì ń gbà wọnú. Èkíní, afẹ́fẹ́ tí a gbé mì. Àwọn àgbà ní a kì í jẹun sọ̀rọ̀, wọn ò purọ́. Ẹni tó ń jẹun tó ń dúnàádúrà, afẹ́fẹ́ ló ń bá òkèlè lọ. Mínírà náà, gáàsì ni wọ́n fún sínú rẹ̀. Èkejì, oúnjẹ tí inú ò lè lọ̀ tán. Irú ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun kékeré ò lágbára láti fọ́. Tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ibẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á tú gáàsì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa. Ọwọ́ ọ̀tá kọ́.

Ẹ wo bí àwa ṣe ń jẹun lọ́jọ́ ọjà. A ti kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́, a ò ní fẹnu kan nǹkan títí di aago 3 ọ̀sán, torí ẹ̀rù ń bà wá pé oníbàárà á lọ. Ìgbà tébi bá fẹ́ gbé wa ṣubú, ẹ̀wà àti gààrí, mínírà lé e, wàràwàrà. Ká délé, ká jẹ ẹ̀bà ńlá, ká dùbúlẹ̀. Inú wo ni ò ní kún?

Èrò tiwa nìyí: kí olúkúlùkù bá aládùúgbò rẹ̀ ṣe àdéhùn. Bí ìyá eléèlùbọ́ bá ń jẹun, kí ìyá aláta bá a ṣọ́ ọjà, kó bá a tà á ní iye tó pè é. Ìṣẹ́jú 20 péré ni. Àwọn kan á ní a kì í fi oníbàárà ẹni sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta irú ọjà kan náà. Òótọ́ ni. Ẹ mú ẹni tí ọjà yín ò jọra.

Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é. Ẹ má sì fi káún sí i jù, torí àwọn tó lẹ́jẹ̀ ríru. Lálẹ́, ká rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kó tó wákàtí 2 sí 3 ká tó sùn.

Ní ti ulcer gan-an, kòkòrò ló ń fa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Dókítà méjì ará Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, tó fi èyí hàn, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Àyẹ̀wò wà fún un, oògùn tó ń wò ó sì wà. Ṣùgbọ́n aspirin àti ibuprofen tí wọ́n ń tà kiri fún ara ríro, àwọn fúnra wọn lè dá egbò sínú.

Ẹ má sì pe gbogbo nǹkan ní gáàsì. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, bí ẹ bá ń rù, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìyá tó ti lé ní ọdún 50, tí inú rẹ̀ ń wú lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tètè lọ fún àyẹ̀wò, torí jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àyà bá ń fún pinpin, tí òógùn ń bò yín, ọkàn ló lè jẹ́. Ẹ má dúró pa igbá dé, kí wọ́n gbé yín lọ sí Federal Medical Centre l'Ọ̀wọ̀, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ àdéhùn yìí wá sípàdé wa tó ń bọ̀. Ọjà á tà o.