Bí omi bá tẹ̀yìn wọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ omi tó ń wọnú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì la fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ti mú kí àwọn mìíràn ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé mẹkáníìkì á ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, á na ìdérí náà sí ọlọ́kọ̀, nǹkan kan á ti lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, á ki bí ògì bàbà. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ o. A máa sọ tọ́ọ̀pù kalẹ̀ ni." Àyà ọ̀gá á já, á tọwọ́ bọ àpò. Ẹ dúró ná! Òótọ́ ni pé omi ló ń sọ ọ́ìlì di ògì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ, ìwòsàn wọn ò sì jọra.

Èkíní ni omi ooru. Ṣebí ẹ máa ń rí omi tó ń sẹ̀ sábẹ́ ìdérí ìkòkò? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Lítà pẹ́tírò kan tó bá jóná á mú omi tó sún mọ́ lítà kan jáde. Èyí tó pọ̀ jù á bá èéfín gba sàlẹ́ńsà lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì lọ bá ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa fún àkókò tó gùn, omi náà á fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ni mọ́tò rẹ̀ mọ̀, inú ẹ́ńjìnnì lomi ọ̀hún máa jókòó sí.

Àwọn mẹkáníìkì wa tún ń dá kún un. Wọ́n á yọ tẹmositáàtì jù nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù, pé òyìnbó tó ń gbé inú yìnyín ló nílò rẹ̀. Irọ́ ni jàre! Òun ló ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, bíi dígírì 82 sí 90 fún ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí kò bá sí níbẹ̀, mọ́tò lè rìn títí kó má gbóná tó láti lé omi jáde.

Torí náà, ẹ nu ìdérí yẹn mọ́, kẹ́ ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì orí gééjì bá mọ́, tàbí tó kàn dúdú bó ṣe máa ń dúdú, tí omi rédíétọ̀ ò sì dín, ẹ gbé mọ́tò náà rin ọ̀nà jíjìn, bí Èkó sí Ìbàdàn. Bí ògì náà ò bá padà wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ tọ́ọ̀pù yín kalẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ dá tẹmositáàtì padà, kẹ́ ẹ sì máa fún mọ́tò ní ìrìn gidi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Èkejì ni omi rédíétọ̀, òun gan-an ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàrin tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù ló ń ya ọ̀nà omi kúrò lára ọ̀nà ọ́ìlì. Kí mọ́tò máa gbóná kọjá ààlà ló ń jẹ ẹ́ jù, pẹ̀lú omi lásán tá à ń dà sí rédíétọ̀ dípò kúláǹtì, tó ń mú kí irin dípẹtà. Àmì rẹ̀ rèé: ọ́ìlì orí gééjì fúnra rẹ̀ á dà bíi tíì oní-mílíìkì, ó sì lè lé sókè nígbà tẹ́nikẹ́ni ò bu kún un, omi rédíétọ̀ á máa dín láìjò sílẹ̀, èéfín funfun á máa jáde lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná.

Bí iyèméjì bá wà, ẹ yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ìyá alákàrà. Ẹ gbé ṣíbí irin kaná níta gbangba, kó gbóná dáadáa. Ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ fojú jìnnà, kẹ́ ẹ wá kán ọ́ìlì ẹyọ kan sí i. Bó bá ta pàràpàrà bí òróró tí omi kán sí, omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí ò lè sọ ibi tómi gbà wọlé o.

Bó bá ti rí báyìí, ẹ má wa mọ́tò náà mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Ọ́ìlì ló ń gba irin sílẹ̀ lọ́wọ́ irin. Bí omi bá ti bà á jẹ́, irin á máa jẹ irin, ìgbà tí ẹ bá máa gbọ́ kò-kò-kò, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ó di Ládípọ̀ lẹ bá ń wá tòkunbọ̀ lọ.

Àwọn mọ́tò kan, pàápàá àwọn tó ń lo díísù, tún ní kúlà ọ́ìlì tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ìyẹn bá jò, ọ́ìlì á di ògì bákan náà, tọ́ọ̀pù ò sì jẹ̀bi. Ẹ ní kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó sọ nǹkan kan kalẹ̀. Bó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, kí wọ́n yẹ tọ́ọ̀pù wò bóyá ó ti wọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a kó tẹ́jú bó bá ti wọ́. Títúnṣe ló kọ́kọ́ ń wáyé, ọ́ìlì tuntun ló tẹ̀ lé e. Ẹ pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná, kẹ́ ẹ tú ọ́ìlì náà dànù. Bó bá ṣì pọ́n bí ògì, ẹ tún un ṣe. Ẹ má gbà kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnnì yín o, ṣe ló ń mú kí ọ́ìlì ṣàn jù.

Ẹ̀kẹta ni omi àgbàrá. Àwọn tí òjò ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2011 bá l'Ékòó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí omi bá ti mu mọ́tò dé ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣáná sí i! Omi ò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí písítìnì bá fi agbára tì í, irin tó gbé písítìnì lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ wọ́ ọ lọ, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì kí omi jáde, kí wọ́n sì tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ dà sílẹ̀, ojú yín á rí i.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ tó ṣáná sí mọ́tò, ẹ fa gééjì yọ, ẹ wo omi rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Àkísà kan péré ló ń ná yín. Bẹ́ńikẹ́ni bá sì tún na ìdérí sí yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Gééjì ńkọ́?"

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.