Kì í ṣe gbogbo inú wíwú ni iṣẹ́ ọ̀tá

Ọ̀rọ̀ inú la gbé wá lónìí, inú tí a fi ń jẹun gan-an, kì í ṣe inú tí a fi ń gbèrò.

Ẹnìkan ti ń jẹ ẹ̀bà tọ̀sán-tòru fún ogún ọdún. Wọ́n wá sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọjú, ó sì pinnu pé òun á yí oúnjẹ padà. Ó yí i padà lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣe é. Ẹ̀wà láàárọ̀, kábéèjì àti kùkúḿbà tútù lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ lálẹ́, kò sí òkèlè kankan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, inú ti le bí ìlù, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ro oko láti ìdájí. Oúnjẹ aṣaralóore ló ń jẹ, kí ló dé tí ara ò le? Kò pẹ́ tí yóò fi gbà pé wọ́n ti fún òun ní nǹkan jẹ lójú àlá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa awo. Awo tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo ti ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" Awo tí ojú ń kán á kà á sí iṣẹ́ ayé, á sì gbé ìgò àgbo lé e lọ́wọ́ pé kó fi fọ inú. Àgbo yìí á mú un yàgbẹ́ lemọ́lemọ́, omi àti iyọ̀ ara á bá a lọ, àárẹ̀ tó ń sá fún á sì di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: owó tí a gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Irú ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun kékeré wa kò ní agbára láti lọ̀. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń kọjá sínú ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bá wa gbé láti kékeré. Ọmọ onílé ni wọ́n, wọn kì í ṣe àrùn. Àwọn ló ń jẹ ṣúgà náà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń tú jáde nídìí oúnjẹ wọn ló ń wú ni nínú. Bákan náà ni ti ṣàkàṣàkà inú ẹ̀fọ́ àti kábéèjì tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbà. Ó dára fún ara, àmọ́ tó bá ya wọ inú tí kò mọ̀ ọ́n rí, àfi kí inú pariwo. Tí ẹni náà kò bá sì mu omi tó, ìgbẹ́ á le. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀nba kún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú rẹ̀ á mọ́ ọn lára.

Àwọn ìyá wa mọ̀ nípa èyí láìka ìwé. Wọ́n ń rẹ ẹ̀wà, wọ́n ń bó o, wọ́n ń da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó fi ṣe mọ́ínmọ́ín, àkàrà tàbí ẹ̀kuru. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil gan-an kò gbàgbé: ẹ̀wà bíbó ni acarajé tí wọ́n ń dín níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá se ẹ̀wà oníhóró láìrẹ ẹ́, tó wá jẹ àwo ńlá, kó má wá ẹbi lọ sílé àbúrò bàbá rẹ̀.

Ti àárẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀fọ́ ń kún inú, àmọ́ agbára tí a fi ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó yọ òkèlè kúrò láìfi nǹkan míì dípò, ebi ló ń pa á. Èròjà irin tó wà nínú ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran. Tíì tí a mu mọ́ oúnjẹ tún ń dí i lọ́wọ́, nígbà tí ọsàn ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tó léwu jù ni ti alátọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo àwọn oògùn kan tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Tó bá ṣàdédé pa òkèlè tì, tí kò sì bá dókítà sọ ọ́, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá ààlà: á máa làágùn, á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé oníṣẹ̀ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, torí èèwọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Níbi àkọsẹ̀jayé ọmọ la ti ń gbọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ. Ẹ̀wà sèsé jẹ́ èèwọ̀ fún oníṣàngó, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ pé sèsé kì í ṣe oúnjẹ. N kò sọ pé èèwọ̀ àti àìbáramu oúnjẹ jẹ́ ọ̀kan náà o. Ọ̀tọ̀ ni ti òrìṣà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni mò ń tọ́ka sí, pé ohun tó bá ẹnìkan mu lè má bá ẹlòmíràn mu. Ẹ wo wàrà màlúù. Ọ̀pọ̀ Fúlàní ń mu ún, ara wọn ń dán. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa mu ife kan, inú ń ru gùdù.

Àmọ́ bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí èèyàn ń rù láìnídìí, tí èébì kò dá, tàbí tí àárẹ̀ náà ń mú àyà já nígbà tó bá rìn díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà kọ́ nìyẹn mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí awo ní kó lọ, lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀.